Láti Ẹnu Ibodè dé Inú Oko

Owó-orí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Iye owó náà kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ wá lógún, bí kò ṣe ibi tí agbowó ń jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, oníbodè ni tèwe-tàgbà mọ̀. Ẹnu ibodè ni ó ń jókòó sí. Ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá ni ó ń sanwó fún un. A kò gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀, a kò sì sọ pé oníbodè kì í rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sílé rẹ̀, oníbodè kì í wá a wá síbẹ̀.

Ìjọba òyìnbó ni ó yí èyí padà. Wọ́n gbé owó-orí dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1916. Ní ọdún 1918 ó kan Ẹ̀gbá, ó sì rọ́pò owó ibodè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: owó orí. Ẹrù kọ́ ni a ń díyelé mọ́, orí ènìyàn ni, níbikíbi tí ó bá gbé e lọ. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, Ogun Adùbí ti bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n hú irin ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kí ó tó rọlẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọdún 1947, lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n ní àwọn kò san án mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè, kò sì padà títí di ìparí ọdún 1950.

Èyí tí ó tún dùn mí ju ìwọ̀nyí lọ ni ti àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn. Káńsù ni òfin fún ní iṣẹ́ gbígba owó-orí. Ìlú ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, oko kòkó ni ẹni tí yóò san án wà, ọ̀nà kò sì dára. Nígbà tí àgbẹ̀ kò bá wá, àwọn akódà àti ọlọ́pàá a lọ ká a mọ́ ibùsùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá rí rìsíìtì rẹ̀ fi hàn lójú ẹsẹ̀ di ẹni ìdè. Bí ó ti sanwó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwé tí ó wà nínú àpò ẹ̀wù mìíràn kò gba olówó rẹ̀ là.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968 ni Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Owó náà ti kọjá pọ́n-ùn mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàáwàá owó ẹyọ. Nígbà tí owó òyìnbó dé, ó di ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, síbẹ̀ òun ni àgbẹ̀ fi ń ṣírò ohun tí ó tọ́.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n iná kò kú. Ní oṣù keje ọdún 1969 wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi. Nígbẹ̀yìn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó lọ bá Táfá Adéoyè ní Akanran. Ìjọba dín owó-orí kù, wọ́n dáwọ́ mímú ènìyàn lóru dúró, wọ́n sì kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí ó ń dààmú ará oko kúrò ní abúlé. Àtúnṣe ọ̀nà oko náà wà nínú àdéhùn wọn.