Ẹ Gba Àga, Ẹ Má Dí Ọ̀nà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní ìlú Èkó. Ìwé yẹn ló bí ECOWAS. Àwọn méjì tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn jù ni Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò. Ṣọ́jà làwọn méjèèjì, ìbọn ló gbé wọn dórí àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mathieu Kérékou ti Dahomey, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni Acheampong ti Gánà, Kountché ti Niger, Moussa Traoré ti Mali àti Lamizana ti ilẹ̀ tó di Burkina Faso. Kò tiẹ̀ pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ Gowon fi gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà, nígbà tó lọ sípàdé ní Kampala.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ bi ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Ta ló dìbò fún ẹ?" Ọ̀rọ̀ ajé ni wọ́n bá wá, òun náà ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Ní ọdún 1979, wọ́n fi òfin míì kún un, pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Òfin yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ECOWAS mọ́ títí dòní. Òun ló jẹ́ kí ìyá aláṣọ láti Ìbàdàn lè lọ ra ọjà ní Kútọnu àti Lomé láì kọ lẹ́tà sí ẹ́ḿbásì kankan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe òfin dáadáa yìí, ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn wọ́n.

A bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ torí pé ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tó ti di ìjà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Àwọn ṣọ́jà ló gba ìjọba níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì ní àwọn ò gbà. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè máa béèrè bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣèjọba nílé ẹ̀? Àbí kí wọ́n jókòó sórí ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀nà, kí kálukú máa tún ilé ẹ̀ ṣe? Lójú tiwa, ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ECOWAS ń gbà béèrè ẹ̀ ló wọ́, ẹ sì jẹ́ ká wo ìtàn ká lè rí ibi tó ti wọ́.

Ogun ló kọ́kọ́ yí ẹgbẹ́ náà padà. Ogun Charles Taylor bẹ̀rẹ̀ ní Lìbéríà ní ìparí ọdún 1989. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ECOWAS kó àwọn ọmọ ogun ECOMOG lọ síbẹ̀, Nàìjíríà ló sì ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ó wá hàn sí wọn pé bí ilé aládùúgbò bá ń jó, iná ẹ̀ lè ran tèèyàn: àwọn tó ń sá fún ogun máa dé, ìbọn náà máa dé. Ní oṣù Keje ọdún 1991, àwọn olórí pàdé ní Àbújá, wọ́n kéde pé àwọn máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìjọba àwaarawa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1993, wọ́n tún ìwé àdéhùn wọn kọ ní Kútọnu, wọ́n sì fi ìjọba àwaarawa sínú àwọn ìlànà tó gbé ẹgbẹ́ ró.

Ẹ ka ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni Nàìjíríà dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá. Ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni ìjọba Babangida fagi lé ìbò náà. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń tọwọ́ bọ ìwé ìjọba àwaarawa ní Kútọnu, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ̀hónú hàn ní Èkó ò tíì gbẹ.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ṣẹlẹ̀ ní Sierra Leone, ìyẹn Sàró àwọn baba wa. Ìbò ló gbé Ahmad Tejan Kabbah wọlé níbẹ̀ ní 1996, àwọn ṣọ́jà sì lé e lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997. Ní oṣù Kejì ọdún 1998, ECOMOG lé àwọn ṣọ́jà náà kúrò ní Freetown, Nàìjíríà ló ṣáájú. Kabbah padà sórí àga ní oṣù Kẹta. Ta ni olórí Nàìjíríà nígbà yẹn? Sani Abacha ni, Abíọ́lá sì wà ní àtìmọ́lé ẹ̀. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí Abacha kó lọ sí Sàró, kò sí irú ẹ̀ nílé tiẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba tí àwọn ará Sàró fi ìbò yàn padà dé, oore gidi nìyẹn. A ò lè torí pé ọwọ́ tó ṣe é ò mọ́ ká ní oore kọ́ ni.

Àwa náà ti jókòó ní ìhà kejì rí. Commonwealth ṣe ìkéde tiwọn ní Harare ní 1991 pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa di ìjọba àwaarawa mú. Ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ míì kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ní ọjọ́ kejì, Commonwealth dá Nàìjíríà dúró, wọn ò sì gbà wá padà títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Àga nípàdé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Wọn ò ti bodè, wọn ò pa iná mọ́ ìyá arúgbó kankan lórí. Ṣé ìyẹn ló lé Abacha lọ? Rárá o, ikú ló mú un lọ. Àmọ́ àwọn tó ń jà fún June 12 nílé àti lẹ́yìn odi rí ohun tí wọ́n lè nàka sí, pé ayé náà ti sọ pé ìjọba yìí ò bófin mu.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ECOWAS pàdé ní Dakar, wọ́n sì ṣe òfin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ò ní fara mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba ìjọba lọ́nà tí òfin ò fọwọ́ sí, tàbí tó bá dúró sórí ìjọba lọ́nà tí òfin ò fọwọ́ sí. Ohun méjì ni wọ́n dárúkọ: gbígbà àti dídúró. Ó tún ní kí wọ́n má ṣe yí òfin ìbò padà gidi láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ìbò, àfi bí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú òṣèlú bá gbà. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò.

Ẹ wo Tógò. Eyadéma kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2005, lẹ́yìn ọdún 38 lórí àga. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ológun ti gbé ọmọ ẹ̀, Faure Gnassingbé, sípò. ECOWAS bínú. Wọ́n dá Tógò dúró, wọ́n pe àwọn aṣojú wọn wálé, wọ́n ní àwọn olórí ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́, wọ́n sì fòfin de títa ohun ìjà fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Faure fipò sílẹ̀. Àṣeyọrí ni, àbí? Ní oṣù Kẹrin, wọ́n dìbò, wọ́n ní Faure ló wọlé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. ECOWAS rí i pé ìbò ti wáyé, wọ́n sì gba ọmọ náà wọlé. Ní 2024, wọ́n yí òfin ìpìlẹ̀ Tógò padà débi pé ará ìlú ò ní dìbò yan ààrẹ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Faure bọ́ sí ipò tuntun tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí òfin ò sì dá iye ọdún fún. ECOWAS ò fìyà kankan jẹ ẹ́.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwa ń ṣe, bí èèyàn bá kọ ètò tó ń yẹ ẹnu ọ̀nà iwájú wò nìkan, ẹ̀yìnkùlé ni olè máa gbà wọlé. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn olórí wa mọ ibi tí ẹ̀yìnkùlé wà. Ní ìpàdé Accra ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ààrẹ kankan má lò ju sáà méjì lọ káàkiri ECOWAS. Tógò àti Gambia kọ̀, àbá náà sì kú síbẹ̀.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí Gambia fi fi ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe hàn. Yahya Jammeh, tó fìbọn gbàjọba ní 1994, fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ó kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà. Wọ́n búra fún Adama Barrow ní ilé aṣojú Gambia ní Dakar ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọ Gambia, Jammeh sì kó ẹrù ẹ̀ ní ọjọ́ 21. Kò di ogun. Àwọn ará Gambia ti sọ tẹnu wọn nínú àpótí ìbò, ECOWAS sì ti wọn lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, Alpha Condé yí òfin ìpìlẹ̀ Guinea padà kó lè lo sáà kẹta. Wọ́n yìnbọn pa àwọn tó fẹ̀hónú hàn. Alassane Ouattara náà gba sáà kẹta ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. ECOWAS ò dá ìkankan nínú wọn dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ṣọ́jà lé Condé lọ, ẹgbẹ́ sì dá Guinea dúró kíá. Ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Conakry á bi ara ẹ̀ pé: nígbà tí wọ́n ń yìnbọn fún wa nítorí òfin yẹn, níbo lẹ wà?

Ìbéèrè yẹn ló ba gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ECOWAS ti bodè mọ́ Mali, wọ́n sì ti owó ìjọba ibẹ̀ pa ní báńkì àpapọ̀. Èrò rẹpẹtẹ jáde ní Bamako, ECOWAS ni wọ́n ń bú. Lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn olórí pàdé ní Àbújá, wọ́n ní àwọn fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ogun lè wọ ibẹ̀. Wọ́n ti bodè. Nàìjíríà já iná mànàmáná tí ó ń fún Niger. Ọkọ̀ ẹrù tò rẹrẹ ní Malanville, ní bodè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọ ogun ò lọ. Tchiani, olórí àwọn ṣọ́jà yẹn, ò sùn nínú òkùnkùn. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni alágbàfọ̀, aláìsàn, àti oníṣòwò àlùbọ́sà tí ọjà ẹ̀ ń jẹrà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ECOWAS fi máa tú ọ̀pọ̀ nínú ìjìyà náà ká ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn mẹ́ta náà ti kéde pé àwọn ń lọ.

Àwọn kan á ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí fi hàn pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ilé rárá. Wọ́n ní ẹ̀rí. NATO gba Portugal ti Salazar wọlé ní 1949, kò sì lé Greece nígbà tí àwọn ọ̀gágun gbàjọba níbẹ̀ ní 1967. Ìwé ECOWAS àkọ́kọ́ pàápàá, àwọn ṣọ́jà ló ti í lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò béèrè nǹkan kan ti yàn: ẹni tó wà lórí àga ló yàn, ará ìlú tí wọ́n gba ìbò ẹ̀ ló já sílẹ̀. Jammeh ì bá ṣì wà ní Banjul.

Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé ohun méjì ló wà nínú irú ẹgbẹ́ yìí, kò sì yẹ ká so wọ́n pọ̀. Àga wà, tó jẹ́ ti olórí: ìjókòó nípàdé, físà ẹbí ẹ̀, owó tó kó pa mọ́ sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún un. Ọ̀nà sì wà, tó jẹ́ ti ará ìlú: bodè, ọjà, iná, ìwé ìrìnnà. Àga ni kí ẹgbẹ́ máa fi ìjọba àwaarawa dí. Kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ṣọ́jà tó fìbọn wọlé, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ààrẹ tó fi bírò yí òfin padà kó má bàa lọ, nítorí òfin ọdún 2001 dárúkọ àwọn méjèèjì. Gbígba àga kì í tètè ṣiṣẹ́ o, a ti rí i lórí Abacha. Síbẹ̀ ní Tógò, ọ̀sẹ̀ kan ló gbà, kò sì sí ọlọ́jà kankan tó torí ẹ̀ pàdánù.

Lọ́jọ́ tí àwọn mẹ́ta yẹn jáde ní 2025, ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa wọlé láìgba físà títí wọ́n á fi sọ ohun míì. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ní 2023 nìyẹn. Kò tíì pẹ́ jù láti kọ ọ́ sínú òfin, kó má jẹ́ ojúrere tí wọ́n lè gbà padà lọ́jọ́ tí inú bá bí wọn.