Ta ló bá yín ṣe Chapter Four? Ohun tó yẹ kí ọmọ Másítà àti PhD mọ̀ nípa ìwádìí oníṣirò

Ẹ yà sí etí géètì yunifásítì èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí pátákó kékeré tí wọ́n kọ "data analysis" sí. Ẹ kó fọ́ọ̀mù ìbéèrè yín lọ, ẹ san owó, kó tó di ọjọ́ mẹ́ta Chapter Four ti délẹ̀, àtẹ lóríṣiríṣi ló kún inú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Másítà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú, ìmọ̀ àwùjọ, iṣẹ́ ìròyìn tàbí ọrọ̀ ajé ló ti gba ibẹ̀ kọjá, mi ò sì ní torí ẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó síwájú àwọn tó fẹ́ dán yín wò, tí ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé, "Kí ni 0.03 inú àtẹ keje yìí ń sọ fún wa?", ẹni tó bá yín ṣe é ò ní sí nínú yàrá yẹn.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ ìwádìí oníṣirò tó yẹ kí onímọ̀ àwùjọ gbà lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, àti ibi téèyàn ti lè kọ́ ọ. SPSS kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà o. Láti 1968 ni SPSS ti wà, IBM sì rà á ní 2009, ṣùgbọ́n ìkòkò lásán ni. Ohun tí ẹ bá dà sínú ìkòkò ló máa sè, kò ní bi yín bóyá ẹ ti ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Taro Yamane, torí mi ò tíì rí ọmọ Nàìjíríà tó ṣe project tí kò mọ orúkọ yẹn. Fọ́múlà tí a ń pe orúkọ ẹ̀ mọ́, n = N/(1 + Ne²), inú ìwé ìṣirò ẹ̀ ti 1967 ni gbogbo wa ń tọ́ka sí. N ni iye gbogbo èèyàn tí ìwádìí yín dá lé. E ni àṣìṣe tí ẹ lè gbà mọ́ra, 0.05 sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sí i. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù yín. Bí èèyàn ìlú bá jẹ́ 10,000, ẹ máa rí 385. Bí wọ́n bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, 400. Bí wọ́n bá di mílíọ̀nù 20, 400 náà ni. Ìdí nìyẹn tí project gbogbo wa fi máa ń ní fọ́ọ̀mù bí 400, ì báà jẹ́ Ìkirè la ti ṣe é, ì báà jẹ́ Èkó. Irọ́ kọ́ o, ìṣirò ẹ̀ dáa. Ọbẹ̀ ìkòkò kékeré àti ọbẹ̀ agbada, bí wọ́n bá ti rò ó dáadáa, ṣíbí kan náà la fi ń tọ́ ọ wò.

Àmọ́ "bí wọ́n bá ti rò ó dáadáa" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Fọ́múlà yẹn gbà pé ńṣe lẹ ṣẹ́ gègé yan àwọn èèyàn náà, tí gbogbo ẹni tó wà nílùú ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú ẹ̀. Ẹni tó pín fọ́ọ̀mù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó wá ju ìyókù sórí WhatsApp ìjọ ẹ̀, kò ṣẹ́ gègé kankan. Òkè ọbẹ̀, níbi tí epo léfòó sí, ló ti bù ú. Kódà kó kó 4,000 jọ, èrò àwọn ojúlùmọ̀ ẹ̀ náà ni.

Ohun kejì tí wọn kì í sábà sọ ni pé 0.05 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tí 52 nínú ọgọ́rùn-ún bá ní àwọn máa dìbò fún Lágbájá, òótọ́ ọ̀rọ̀ lè wà níbikíbi láàárín 47 sí 57. Ẹ ò tíì lè kọ ọ́ pé Lágbájá ló ń borí. Tí ẹ bá wá tú 400 yẹn sí wẹ́wẹ́, tí ẹ rí i pé ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú wọn ò ju 40 lọ, àṣìṣe orí ọ̀rọ̀ àwọn 40 yẹn ti tó bí 15 sókè àti 15 sísàlẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn sọ?

Báwo wá ni àwọn tó ń ṣe é ní ìwọ̀n ńlá ṣe ń ṣẹ́ gègé? Ìkànìyàn 2006, tó ka èèyàn 140,431,790, pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àwọn agbègbè kéékèèké. Nígbà ìwádìí ìlera àti ọmọ bíbí ti 2018, tí a mọ̀ sí NDHS, wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ gègé yan agbègbè bí 1,400 nínú wọn, wọ́n kọ àwọn ìdílé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá tún ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ìdílé náà. Obìnrin 41,821 tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ló dáhùn. Nítorí kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní èèyàn tó tó sọ̀rọ̀ lé lórí, ti Bayelsa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tí a bá fi wé iye èèyàn Kánò. Ẹ gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà lápapọ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́ ní ìwọ̀n yìí á gbé dátà gidi, á sì fi bí èsì tí kò tọ́. SPSS ò ní pariwo.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ní ìparí 2020, àjọ NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé èsì tuntun jáde ní 2023, ìdá 5.3 ni wọ́n ní ó jẹ́ ní ìparí 2022. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo ló ṣàdédé pọ̀? Iṣẹ́ ò ṣàdédé pọ̀. Ohun tó yí padà jù ni ìbéèrè. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ wà lára àwọn aláìníṣẹ́. Lọ́nà tuntun, èyí tó bá ìlànà àjọ ILO mu, wákàtí kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ méje ti sọ yín di ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá to 33.3 àti 5.3 sórí gíráàfù kan, tó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ti pèsè iṣẹ́, kò mọ ohun tó ń wọ̀n.

Àwa náà ń ṣe irú ẹ̀ tí a bá ń túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá. Ẹ bi màmá tó pàtẹ ata síwájú ilé pé, "Màmá, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?" Ó ṣeé ṣe kó ní, "Iṣẹ́ wo? Mo kàn jókòó ti ata ni, ọmọ mi." Ẹ ti kà á mọ́ aláìníṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wá bi í bóyá ó ta nǹkan kan láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, kó tiẹ̀ jẹ́ fún wákàtí kan, ìdáhùn á yí. "Ìdílé" náà ńkọ́? Nínú agbo ilé kan ní Ìbàdàn, ṣé àwọn tó jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan la fẹ́ kà ni, àbí gbogbo àwọn tó ń sùn níbẹ̀? John Caldwell, ọmọ Australia tó ṣe ìwádìí láàárín Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, gbé àlàyé kan jáde ní 1976 nípa ìdí tí bíbí ọmọ púpọ̀ fi bọ́gbọ́n mu: ọrọ̀ àti iṣẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ òbí. Ẹni tó bá ka kìkì àwọn tó sùn sílé lálẹ́ àná ò lè rí owó tí ọmọ tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́.

Ká padà sórí 0.03 yẹn. Ká ní kò sí ìbátan kankan láàárín nǹkan méjì tí ẹ ń wò, irú èsì tí ẹ rí yìí, tàbí èyí tó le jù ú lọ, á kàn ṣèèṣì wáyé ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́ ní ìdá 97, kò sọ pé ìbátan náà tóbi, kò sì sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ọmọ ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ lè máa ṣe dáadáa nínú WAEC. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ fún ọmọ tí òbí ẹ̀ ò rówó ìwé san, kí ẹ wò ó.

Níbo lẹ ti lè kọ́ gbogbo èyí? OAU ní Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ìmọ̀ iye ènìyàn àti ìṣirò àwùjọ. Ibùdó tí wọ́n ń pè ní LISA, níbi tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń bá olùwádìí láti ẹ̀ka mìíràn ṣiṣẹ́, wà ní OAU, ó sì wà ní UI. Yunifásítì méjèèjì tún wà nínú CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, èyí tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń ṣe PhD lórí ìlera àti ọ̀rọ̀ iye ènìyàn lọ́wọ́. Lókè òkun, ICPSR ní Michigan ti ń kọ́ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn láti 1963, Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1968. Owó wọn kì í ṣe kékeré tí ẹ bá yí i sí náírà, torí náà ẹ wá ìrànwọ́ owó ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí SPSS ọlọ́jọ́ méjì ní tèmi ò ju pé wọ́n fi bọ́tìnnì hàn yín lọ.

Fún software, R ni màá ní kí ẹ mú. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n á fojú yín rí màbo ní oṣù àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ SPSS nìkan ni sùpáfáísọ̀ yín mọ̀, PSPP jọ ọ́, ọ̀fẹ́ lòun náà. (Gbogbo wa la mọ SPSS inú flash tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, mi ò sọ nǹkan kan.) Ẹ fi dátà gidi kọ́ ọ: ti Afrobarometer, tí wọ́n túmọ̀ ìbéèrè ẹ̀ sí Yorùbá pàápàá, tàbí GHS-Panel ti NBS àti Báńkì Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé bí 5,000 ní 2010. Kò sówó lórí méjèèjì.

Tí àkókò ò bá sí mọ́, tó sì di dandan kí ẹ sanwó fún ẹnìkan, ẹ jókòó tì í. Ẹ gba fáìlì dátà yín padà, ẹ gba syntax tó lò láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tún àtẹ méjì ṣe níṣojú ẹ̀. Tó bá ní òun kì í fún èèyàn ní syntax, ẹ gbowó yín, ẹ wá ẹlòmíràn.