Ewé Ata Inú Ilé Tó Ń Jó Nínú Kókópíìtì: Ẹ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É Kí Ẹ Tó Fín Oògùn

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti Kano, láti Jos, láti Kaduna àti Abuja: "Ẹ jọ̀ọ́, ewé ata tí mo gbìn sínú ilé ń bàjẹ́, kí ni kí n fín sí i?" Àwòrán ewé á sì tẹ̀lé e. A mọ ohun tó gbé yín dé ìdí ọ̀gbìn inú ike. Ẹni tó ń gbé yàrá háyà tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, tó sì fẹ́ ata rodo, efinrin tàbí gbúre bíi ti ilé, ibi fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni oko rẹ̀.

Púpọ̀ yín ló ń lo kókópíìtì. Kì í ṣe kòkó tí àwọn bàbá wa ń gbìn o. Ìháha tó bo igbá àgbọn ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù. India àti Sri Lanka ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ó fúyẹ́, ó ń di omi mú, kò sì ní àwọn àrùn inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí: ó dà bí ilẹ̀, kì í sì ṣe ilẹ̀. Oúnjẹ tó lè bọ́ ewéko kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ní ni potassium, àti iyọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n bá fi omi etí òkun rẹ. Ó tún ní ìwà kan: ó máa ń gba calcium àti magnesium mọ́ra, á sì tú potassium sílẹ̀. Bí ẹ bá wá da NPK 15-15-15 lé e lórí, tí wọn ò kọ calcium tàbí magnesium kankan sára àpò rẹ̀, potassium á pọ̀ lápọ̀jù, ewéko á sì máa kígbe ebi nínú oúnjẹ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí a máa sọ ọ́ pé, nínú àwọn àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe kòkòrò, kì í sì ṣe àrùn. Ebi ni, tàbí iyọ̀.

Ìyá kan lára àwọn tiwa ní Sabon Gari, Kano, gbin ata rodo sínú ike mẹ́rìndínlógún. Ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kákò, etí rẹ̀ ń jó. Ẹni tó ta irúgbìn fún wọn ní kòkòrò ni. Wọ́n fín ọ̀tápíápíá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, nínú yàrá tí ọmọ ọmọ wọn ń sùn. Ewé jó sí i, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí a débẹ̀, a yí ewé síwá yí i sẹ́yìn, a ò rí kòkòrò kan. Ohun tí a rí ni iyọ̀ funfun tó ti gbẹ mọ́ ojú kókópíìtì, nítorí ìkúnwọ́ NPK ni wọ́n ń bù sí ìdí ata lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ní kí wọ́n gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ ná, ara rẹ̀ sì balẹ̀. A fi omi ṣan ike kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ló padà sọ jí, márùn-ún kú.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ewé wo ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ti ìsàlẹ̀ àbí ti òkè? Ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn èròjà kan wà tí ewéko lè fà jáde lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé ọmọ. Náítírójìn, potassium àti magnesium wà nínú wọn. Bí wọ́n bá dín, ewé ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìyà. Calcium àti èròjà irin kò ṣeé fà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá jókòó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá dín, ewé tuntun lókè ló máa sọ.

Nítorí náà, bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè látòkè délẹ̀, tó sì ń já, náítírójìn ni kò tó. Bí ó bá pọ́n ní àárín àwọn iṣan ewé, tí iṣan fúnra rẹ̀ sì ń tutù yọ̀yọ̀, magnesium ni. Èyí wọ́pọ̀ gan-an nínú kókópíìtì. Ṣíbí ìmutí kan iyọ̀ Epsom nínú lítà omi kan, ẹ fín in sára ewé nírọ̀lẹ́, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ewé tó ti bàjẹ́ lè má padà o. Ewé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kí ẹ máa wò.

Bí ó bá jẹ́ ewé òkè ló ń jáde ní kíkákò, tí ṣóńṣó rẹ̀ ń kú, calcium ni ká kọ́kọ́ fura sí. Lára tòmátì, ìdí èso á tún dúdú, á sì rọ̀. Calcium nitrate ni oògùn rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù kan sí lítà omi kan. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ iyọ̀ Epsom nínú ike kan náà nígbà tí wọ́n ṣì ki, wọ́n á dì, kò sì ní wúlò mọ́.

Bí ewé tuntun bá pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, èròjà irin ni ewéko kò rí gbà. Ẹ wo omi yín. Bí ìdí kẹ́tù bá máa ń yọ èépá funfun, ì báà jẹ́ omi bọ́họ́ọ̀lù tàbí èyí tí mẹ́ruwà gbé wá, omi líle ni. Irin lè wà níbẹ̀ kí gbòǹgbò má lè gbà á. pH 5.5 sí 6.5 ni kókópíìtì fẹ́, bébà ìdánwò rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ fi omi òjò tí ẹ bá tọ́jú lú omi líle yẹn.

Iyọ̀ ní tirẹ̀, etí àti ṣóńṣó ewé ló ń jó, á gbẹ, á pupa bí ewé gbígbẹ, ewéko náà á dàbí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ tutù. Ẹ gbé ike náà sórí agbada, ẹ da omi mímọ́ gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ike, ẹ da ohun tó ṣàn jáde nù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fún un ní oúnjẹ tó fúyẹ́. Ìkúnwọ́ ajílẹ̀ gbígbẹ kò yẹ kókópíìtì rárá. Búlọ́ọ̀kù tuntun pàápàá, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ fi omi calcium nitrate rẹ ẹ́ sùn kí ẹ tó gbin nǹkan sí i.

Ojú kókópíìtì lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì rin gbingbin. Ẹ gbé ike sókè kí ẹ tó bomi, ìwọ̀n rẹ̀ á sọ fún yín.

Kòkòrò ńkọ́? A ò sọ pé kò sí. Ẹ yí ewé padà, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fa abẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Lásìkò ọyẹ́ yìí, kòkòrò tíntìntín kan bí eruku pupa máa ń fi okùn bíi ti aláǹtakùn ta abẹ́ ewé, ojú ewé á sì ní àmì tó-tò-tó bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ gbọn ewé sórí bébà funfun: bí eruku náà bá ń rìn, ẹ ti mú un. Bí eṣinṣin funfun kéékèèké bá fò nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ewé, tí ewé sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ìyẹn náà kì í ṣe ebi. Lára tòmátì, bí ihò tó mọ́ gaara bá gba inú ewé kọjá tí kòkòrò mùkúlú wà nínú rẹ̀, Tuta absoluta ni, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Tòmátì Ebola. Òun ló mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pàjáwìrì lórí tòmátì ní 2016. Ẹ já ewé náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kó o jáde.

Fún àwọn kòkòrò abẹ́ ewé, ṣíbí ìmutí kan ọṣẹ olómi nínú lítà omi kan, tàbí òróró dóńgóyárò, ló yẹ inú ilé. Abẹ́ ewé ni kí ẹ fín, nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ má ṣe fín ọ̀tápíápíá tàbí dichlorvos inú ìgò sí ohun tí ẹ máa jẹ, ẹ má sì fín in níbi tí èèyàn ń sùn. Nítorí ewu rẹ̀ ni NAFDAC ṣe dá títà ìgò kékeré rẹ̀ dúró lọ́jà gbangba ní 2019.

Ó ku ọ̀kan, èyí tó ń dunni jù. Bí ewé ata bá ní àbàwọ́n aláwọ̀ ewé títàn àti dúdú tó dàpọ̀ mọ́ra, tó hunjọ, tí ewéko kò ga mọ́, fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ fà á tu kí ó tó ran èyí tó kù, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, ẹ yà á ní ojúmọmọ, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ ya ojú ewé, ẹ ya abẹ́ rẹ̀, ẹ ya gbogbo ewéko kí a lè rí i bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ sọ irú omi tí ẹ ń lò, ohun tí ẹ fi bọ́ ọ gbẹ̀yìn, àti iye ọjọ́ tó ti ṣe é.