Tákàdá Àlòkù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo padà sí ilé wa, mo wá àpótí ìwé bàbá mi àgbà títí, n kò rí i. Katikíìsì ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ tí a bá bí ní abúlé, pẹ̀lú oríkì wọn, ni ó máa ń kọ sínú ìwé wọ̀nyí. Ìyá mi ní ẹni tí ń ra ìwé àlòkù ti wá, ó ti wọn gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó sì ti san owó. N kò lè bínú sí Ìyá. Ikán ti ń jẹ àpótí náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun iyebíye wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ìtàn ìwé àlòkù.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni tákàdá ti jẹ́ ọmọ àkísà. (Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti rí orúkọ yìí gbà, akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, ẹ forí jì mí.) Ní ọdún 105 ni Cai Lun, ìránṣẹ́ ààfin ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi ọ̀nà ṣíṣe é han ọba: èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n apẹja tí ó ti gbó ni ó lò. Ní 1800, Matthias Koops gba àṣẹ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀nà tí a lè gbà yọ tàdáwà kúrò lára ìwé títẹ̀, kí a sì fi ṣe òmíràn. Òwò rẹ̀ wó láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò bá a lọ.

Ogun Hitler ni ó sọ ọ́ di ọ̀ràn gbogbo ilé. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìwé, ìhà Norway àti Sweden ni ó ti ń wá. Nígbà tí Jámánì gba Norway ní 1940, ọ̀nà dí. Ìwé ìròhìn fọ́n títí ó fi di ojú ewé mẹ́rin. Ìjọba pàṣẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n máa gba ìwé láti ilé dé ilé. Tobìnrin tọmọdé ni ó ń ti ọmọlanke kiri. Páálí, lẹ́tà, ìwé ìròhìn àná, wọn a rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi, wọn a gún un títí yóò fi rí bí ògì, wọn a sì fi ṣe páálí tí a ń kó ọta ìbọn sí. Ní 1942, ó di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti sun ìwé tàbí láti dà á nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nìyí. Nínú ìtara yìí, ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ń bá pàǹtí lọ. British Records Association, tí a dá sílẹ̀ ní 1932, fi igbe ta pé kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a sì ń gba ìwé kíkà jọ ní 1943, wọ́n ń ṣà á: òmíràn lọ bá àwọn ọmọ ogun, òmíràn lọ sí ilé ìkàwé tí bọ́ǹbù ti jó, ìyókù lọ sí ilé iṣẹ́.

Ní tiwa, alákàrà ni ìgbìmọ̀ ìlú. Ìwé ìròhìn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé. Èmi gan-an ti ka ìdajì ìtàn kan lára ẹ̀pà rí, n kò sì mọ òpin rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ìwé tí òróró bá ti wọ̀ kò wúlò fún gígún mọ́. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹ̀dà rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lónìí bí ojú.

Mo lọ bá ẹni tí ó ra ìwé bàbá mi àgbà. Ọkọ̀ ti gbé e lọ sí Èkó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá tún rí ìwé àfọwọ́kọ, kí ó yà á sọ́tọ̀, èmi yóò san iye tí ilé iṣẹ́ ń san. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ojoojúmọ́ ni o óò máa wá tú pàǹtí ni?” Ní Sátidé tí mo padà lọ, ó ti to nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ dè mí: ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé mẹ́ta, àti ìwé èsúsú àwọn aláṣọ kan.