Ìlú Apẹja Barking àti Ìdọ̀tí Crossness: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó tẹrí agbami òkun ba fún wa, tí Ó sì fi ẹran inú rẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wa.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí a bá dúró ní etí odò Thames ní Crossness, òdìkejì ni ẹnu odò kékeré tí ó lọ sí Barking wà. Ní nǹkan bí ọdún 1850, ọkọ̀ ìpẹja tí ó lé ní 200 ni ó ń ti ibẹ̀ lọ sí Òkun Àríwá. Ìdílé Hewett ni ó ni ọ̀wọ́ tí ó lókìkí jù, èyí tí à ń pè ní Short Blue nítorí àsíá rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, wọn a da omi sí pápá kí ó di yìnyín, kí ẹja má baà bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà Billingsgate.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó gba òwò náà lọ́wọ́ Barking, nítorí pé ó ń gbé ẹja láti èbúté etí òkun dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù kíákíá. Ohun tí ó wá tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a ronú sí.

Ní 1858, òórùn odò Thames há àwọn aṣòfin mọ́. Joseph Bazalgette wá la ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ fún omi ìdọ̀tí ìlú: ti àríwá sí ẹ̀bá Barking, ti gúúsù sí Crossness, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀rọ afami ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, 1865. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó lé àrùn onígbáméjì kúrò ní ìgboro. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdọ̀tí náà di mímọ́. Inú odò ni wọ́n dà á sí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Barking fẹjọ́ sùn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, 1878, ọkọ̀ Princess Alice rì sínú omi ẹlẹ́gbin yìí, ènìyàn tí ó lé ní 600 sì kú. Nígbà tí ó di 1887, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kó ìgbẹ́ náà lọ dà sí òkun, ibùgbé ẹja. 1998 ni èyí tó dópin.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára. Ẹni tí ó gbá ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò kò tíì gbálẹ̀. Àwa tí a ń kọ́lé sí Èkó, Èpè àti Bàdágìrì, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ó ń bá wa kọ́ ọ: níbo ni omi ìdọ̀tí ilé wa yóò máa ṣàn lọ? Bí ọ̀sà ni ìdáhùn, àwọn apẹja ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe aládùúgbò rere. Àmín.