Iye Owó, Àwòrán Ilẹ̀ àti Ẹjọ́ Kóòtù: Bí Eré Orí Tábìlì Ṣe Ń Wá Òótọ́ Ìtàn

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, kálukú á di ẹ̀dá ìtàn kan, olùdarí eré á máa sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n bá pàdé, dáìsì á sì parí ọ̀rọ̀ níbi tí kò bá dájú. Ayé àròsọ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n inú eré ogun orí tábìlì ni eré náà ti yọ, àwọn tó ń ta eré ogun kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìtàn ṣeré.

Kò pẹ́ tí eré fi dórí ìtàn gidi. Boot Hill, tó jáde ní 1975, wà fún ayé àwọn darandaran màlúù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà; Chivalry & Sorcery ti 1977 wo Yúróòpù ayé àwọn ọba àti ìjòyè. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti pọ̀. Èló ni owó ọkọ̀ ojú irin? Ṣé tẹlifóònù wà nínú ilé yẹn? Ìwé tó ń sọ ti ọba àti ogun kì í dáhùn irú nǹkan báyìí.

Eré tó jẹ́ kí wíwá ìdáhùn di iṣẹ́ gidi ni Call of Cthulhu, tí Sandy Petersen ṣe fún ilé-iṣẹ́ Chaosium ní 1981. Ọdún 1920 sí 1929 ni ìtàn rẹ̀ dá lé, ìwé kékeré kan lórí ayé ìgbà náà sì wà nínú páálí rẹ̀. Nígbà tí Masks of Nyarlathotep jáde ní 1984, ó kó àwọn tó ń ṣeré láti New York lọ sí London, Cairo, Kenya àti Shanghai, ó sì fún wọn ní lẹ́tà àti ègé ìwé ìròyìn tí wọ́n lè fọwọ́ mú.

Nínú gbogbo ibi tí olùdarí eré lè wá òótọ́ lọ, ìwé ọjà Sears Roebuck ti Chicago ni mo gbà pé ó ga jù. Àwọn àgbẹ̀ tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, kí wọ́n lè fi lẹ́tà ra ọjà. Àwòrán nǹkan, iye rẹ̀, orúkọ tí àwọn ènìyàn ìgbà náà ń pè é, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: bàtà, ìbọn, ẹ̀rọ ìránṣọ, ààrò onírin. Láti 1908 sí 1940, odindi ilé ni Sears ń tà báyẹn, pákó rẹ̀ á wá nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n tún ìwé ti 1897 tẹ̀ ní 1968, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àmọ́ kí ẹni tó ń lò ó mú ọdún kan pàtó, nítorí iye owó ń yí padà. Mọ́tò Model T ti Ford tó tó 850 dọ́là ní 1908 ti wálẹ̀ sí 260 dọ́là ní 1925, fún irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù.

Fún ojú pópó Amẹ́ríkà, àwòrán ilẹ̀ Sanborn ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń lò ó nígbà kan rí láti mọ ilé tí iná lè tètè jó: àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni bíríkì, yẹ́lò ni pákó, búlúù ni òkúta. Iye àjà ilé náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ fẹ́ sá gba orí òrùlé á rí ọ̀nà. Library of Congress ti gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti London, ẹjọ́ kóòtù Old Bailey láti 1674 sí 1913 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e síbẹ̀. Ẹlẹ́rìí á sọ ibi tó wà, ohun tó ń ṣe, àti ohun tí wọ́n jí. Owó rẹ̀ yóò yé àwọn àgbà wa tó ná sílè àti sísì kí náírà tó dé ní 1973. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹni tó bá jí ẹrù tó tó sílè 40 nínú ilé lè kú sí ojú okùn, nítorí náà àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ sábà máa ń ní ẹrù náà kò ju sílè 39 lọ. Àánú ló wà nínú iye yẹn, kì í ṣe iye ọjà.

Títí di báyìí, fíìmù ni ọ̀pọ̀ ń wò kọ, àṣìṣe fíìmù sì ń bá wọn wọ inú eré. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú eré yìí lórí Abẹ́òkúta ayé àwọn baba wa, Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1859 ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kà.