Ìdá Kan Nínú Ọgọ́rùn-ún

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2007, nígbà tí Steve Jobs fi iPhone han aráyé ní San Francisco, kò ṣèlérí pé Apple máa gba ọjà fóònù mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń wá. Ó kéré létí, àbí? Àmọ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù kan fóònù ni wọ́n ń tà láyé lọ́dún nígbà yẹn, torí náà mílíọ̀nù 10 ló ń sọ. Àárín ọdún 2007 lọjà máa bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọdún 2008 ló ní kí wọ́n fi kà á. Ó ti fi àyè sílẹ̀ láti mí.

Ṣùgbọ́n aráyé kì í dúró de gbèdéke. Títà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà. Kò tíì pé oṣù kan tí AT&T, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí iPhone ń lò ní Amẹ́ríkà, fi kéde pé 146,000 ló wọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò ti ń retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìpín Apple já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, Apple ní 270,000 làwọn tà.

Ta ló parọ́? Kò sẹ́ni tó parọ́. Ọ̀kan ka èyí tí wọ́n tà, ìkejì ka èyí tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwa tá à ń kọ sọ́fíwià mọ irú ẹ̀ dáadáa: iye ẹni tó gbé app sórí fóònù yàtọ̀ sí iye ẹni tó ń lò ó.

Lóṣù Kẹsàn-án, Apple gé owó fóònù náà láti dọ́là 599 sí 399. Inú bí àwọn tó ti rà á. Jobs tọrọ àforíjì, ó sì ní àwọn máa fún wọn ní dọ́là 100 tí wọ́n lè fi ra ọjà Apple míì. Láàárín oṣù yẹn náà ni wọ́n kéde pé àwọn ti ta mílíọ̀nù kan, lẹ́yìn ọjọ́ 74. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2008, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù 10.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, Apple ní àwọn ò ní máa sọ iye fóònù táwọn tà mọ́. Dídákẹ́ yẹn ò gbà wọ́n. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2019, Tim Cook ní owó tó wọlé lóṣù mẹ́ta tó kọjá máa jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 84 dọ́là, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ní kò ní dín ní bílíọ̀nù 89. Owó ìpín wọn tún já.

Torí náà, tí iléeṣẹ́ kan bá sọ iye tó tà, ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé: kí lẹ kà, láti ìgbà wo dé ìgbà wo? Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé ọjà jáde, ẹ sọ iye tápá yín ká, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa kà á, kẹ́lòmíì tó bá yín kà á.